Ẹ Jẹ́ Ká Sàmì Síbi Ìtàn Wa Kó Tó Pẹ́ Jù

  

Lọ́dún tó kọjá, mo mú ọmọ-ọmọ mi lọ sí oko bàbá mi. Mo fẹ́ fi igi ìrókò kan hàn án, èyí tí àwọn bàbá wa fi ń mọ ibi tí ilẹ̀ wa parí sí. Kùkùté la bá. Àwọn onígẹdú ti gbé e lọ. Ọmọ náà bi mí pé, "Bàbá àgbà, báwo lẹ ṣe wá mọ̀ pé ibí ni?" Mo dákẹ́. Lọ́jọ́ tí mi ò bá sí mọ́ ńkọ́, ta ni yóò mọ̀?

Mi ò wá bá onígẹdú jà o. Owó pákó wà nínú owó tí wọ́n fi rán èmi náà níléèwé. Ṣùgbọ́n igi tó bá ti di pákó kò lè jẹ́rìí mọ́.

Ẹ wo Àgbádárìgì. Lábẹ́ igi Àgíà ni wọ́n ti wàásù ìhìnrere ní 1842. Igi náà wó ní 1959. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ọwọ̀n ìrántí síbi tó dúró sí. Igi lọ, ìtàn ò lọ.

Ká má tiẹ̀ lọ jìnnà, Ẹ̀sìẹ́ ńkọ́? Ère òkúta ibẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Àwọn ará ìlú ti mọ̀ ọ́n tipẹ́ kí Ramshaw, alábòójútó iléèwé ìjọ CMS, tó ròyìn rẹ̀ fáyé ní 1933. Ní 1945 ni wọ́n dá mùsíọ́mù sílẹ̀ níbẹ̀, òun sì ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Kì í ṣe Èkó, kì í ṣe Ìbàdàn. Ilẹ̀ Ìgbómìnà ni! Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú ère yẹn ni orí wọn ti kán.

Ohun tí mo ń bẹ ẹgbẹ́ wa fún ò pọ̀. Èkíní, kí agboolé kọ̀ọ̀kan kọ ibi mẹ́ta tí wọn ò fẹ́ kó parẹ́: ibi ọjà àtijọ́, odò tí wọ́n ti ń pọnmi, ibi tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀dó sí. Èkejì, ẹ̀yin ọ̀dọ́, fóònù tẹ́ ẹ fi ń ya fọ́tò òde ìnáwó, ẹ fi gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀. Ẹ̀kẹta, òkúta tàbí kọnkéré ni ká fi ṣàmì, kì í ṣe pátákó onígi tí ikán á jẹ. Ká kọ ọ́ ní Yorùbá, tòun tàmì ohùn.

Mo mọ ibi tọ́rọ̀ le sí: ta ló kọ́kọ́ dé? Níbi tí agboolé méjì bá ti ń sọ ìtàn méjì, ẹ má jẹ́ ká fi simẹ́ńtì lẹ ìjà mọ́lẹ̀. Ká kọ méjèèjì sínú ìwé ìlú, kí òkúta ṣì dúró dìgbà tẹ́nu wọn bá kò. Àmì tó bá dájà sílẹ̀, òru ni wọ́n á fọ́ ọ.

Bọ́mọdé ò bá bá ìtàn, á bá àrọ́bá. Ṣùgbọ́n ẹnu àgbà ni àrọ́bá wà, àwọn àgbà sì ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ékòó, n'Ílọrin, ní London, ẹ fi orúkọ ibì kan ránṣẹ́ sórí WhatsApp wa lálẹ́ òní. Bọ́mọ yín bá sì bi yín pé kí ló dé tí wọ́n ń pè wá ní Òkè-Onígbìn, kí lẹ máa sọ?

 Ìlú wa ò ní parun.