A Kì Í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí: Ìkéde Lórí Ìwé Ilẹ̀ Tó Sọnù

(Ọ̀rọ̀ tí lọ́yà kan bá wa sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́)

Mo mọ̀ pé ìsọ̀ lẹ fi sílẹ̀ wá síbí, n ò ní pẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Ká ní ẹ ra ilẹ̀, tó jẹ́ pé orí ata àti ẹ̀fọ́ lẹ ti kó owó ẹ̀ jọ. Ìwé ẹ̀ wà nínú àpótí yín. Ẹnì kan wá gba kóòtù lọ, ó ní òun lòun nilẹ̀, pé ìwé òun ló sọnù, kí wọ́n bá òun ṣe òmíràn. Adájọ́ gbọ́ tiẹ̀, ó fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin wà lọ́jà, ẹ ò gbọ́ nǹkan kan. Ṣé ẹjọ́ nìyẹn? Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ohun tí kì í jẹ́ kí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ni ìkéde. Mo fẹ́ fi ìlú kan ṣe àpẹẹrẹ, ìyẹn Fílípìnì, lọ́hùn-ún ní Éṣíà. Ogun Àgbáyé Kejì run Manila, olú-ìlú wọn, ní 1945, ìwé ìjọba tó bá a lọ ò kéré. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1946, wọ́n ṣe òfin kan tí wọ́n ń pè ní Republic Act No. 26, tó sọ bí kóòtù ṣe lè dá ìwé ilẹ̀ tó sọnù tàbí tó jóná padà.

Òfin náà ní adájọ́ ò gbọdọ̀ gbọ́ ẹjọ́ náà ní kọ̀rọ̀. Kó tó gbọ́ ọ:

Èkíní, wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ ìkéde sínú gàsẹ́ẹ̀tì ìjọba lẹ́ẹ̀mejì, nínú ìtẹ̀jáde méjì tó tẹ̀ léra.

Èkejì, wọ́n gbọ́dọ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìjọba ẹkùn àti ti ìlú tí ilẹ̀ náà wà. Gbogbo èyí gbọ́dọ̀ ti wáyé, ó kéré tán, ní ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú ọjọ́ ẹjọ́.

Ẹ̀kẹta, wọ́n gbọ́dọ̀ fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìkéde náà, tí wọ́n bá mọ àdírẹ́sì wọn. Ẹni tó gbé ẹjọ́ wá ni yóò san owó gbogbo ẹ̀.

Kí ló ń wà nínú ìkéde náà? Nọ́ńbà ìwé tó sọnù, orúkọ onílẹ̀, orúkọ ẹni tó ń gbé orí ilẹ̀ náà, orúkọ àwọn tó bá a pààlà, bí ilẹ̀ náà ṣe tó, àti ọjọ́ tí ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ sọ gbọ́dọ̀ wá. Tó bá jẹ́ ẹ̀dà ọwọ́ onílẹ̀ fúnra ẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi tún un ṣe, lẹ́tà sí aládùúgbò lè má pọndandan. Ṣùgbọ́n ti gàsẹ́ẹ̀tì àti ti ẹnu ọ̀nà, kò sí bí wọ́n ṣe lè yẹ̀ ẹ́.

Bí wọn ò bá ṣe é ńkọ́? Kóòtù tó ga jù ní Fílípìnì ti sọ ọ́ láìmọye ìgbà pé kóòtù tí kò tẹ̀ lé ìlànà yìí kò ní agbára lórí ẹjọ́ náà rárá. Ìwé tó bá ti ibẹ̀ jáde, òfo ni. Wọ́n tún sọ pé títún ìwé ṣe kì í sọni di onílẹ̀. Ìwé tó wà tẹ́lẹ̀ nìkan ni wọ́n dá padà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń yá èèyàn lówó, ẹ gbọ́ eléyìí. Ẹnì kan lè fi ìwé ilẹ̀ dúró lọ́wọ́ yín, kó tún lọ sọ fún adájọ́ pé ó sọnù. Ní Fílípìnì, kóòtù gíga wọn sọ ní 1998 pé ìwé tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ò sọnù, nítorí náà, ìwé tuntun tí wọ́n fi irọ́ gbà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Nílé wa níbí, bí C of O bá sọnù, onílẹ̀ á lọ sọ fún ọlọ́pàá, á búra ní kóòtù, á kéde nínú ìwé ìròyìn, kó tó lọ gba ẹ̀dà ní ọ́fíìsì ilẹ̀. Ẹ ẹ̀ rí i? Ìkéde náà ni. Ìwé ìròyìn tẹ́ ẹ fi ń pọ́n ẹ̀pà àti àkàrà yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ilẹ̀ yín ni wọ́n ń pariwo nínú ẹ̀, tí epo àkàrà ti bò ó mọ́lẹ̀.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká ṣe nǹkan mẹ́rin. Ẹ máa yọjú sí ilẹ̀ yín, kí aládùúgbò ní nọ́ńbà fóònù yín lọ́wọ́. Ẹ ṣe ẹ̀dà ìwé yín, kẹ́ ẹ sì kọ nọ́ńbà ẹ̀ sílẹ̀ síbòmíràn. Ẹni tó bá fi ìwé ilẹ̀ yáwó, ẹ jẹ́ kó fọwọ́ sí àdéhùn níwájú ẹlẹ́rìí. Ẹ̀kẹrin, kí ẹgbẹ́ yan ọ̀dọ́ méjì tó mọ̀wé, kí wọ́n máa ka pátákó kóòtù, ti káńsù àti ìwé ìròyìn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n sì máa ròyìn ní ìpàdé. Ẹni tó bá rí ilẹ̀ ẹ̀ níbẹ̀, kó má sunkún sílé. Kó wá lọ́yà, kó lọ kọ àtakò sílẹ̀ kí ọjọ́ tó pé.

A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ṣùgbọ́n olórí tí wọ́n pè tí kò dáhùn, abẹ á kàn án. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn jẹ o.