Kí Aboyún Tó Dé Pọbẹ̀



Láti oṣù kẹrin ọdún 2009 ni ìjọba Benin ti sọ iṣẹ́ abẹ fún aboyún di ọ̀fẹ́. Ó dáa, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n owó zémìjan kò sí nínú ọ̀fẹ́ yẹn. Ọsibítù ńlá tí àwa ará Kétu, Pọbẹ̀ àti Adja-Ouèrè jọ ń lò, Pọbẹ̀ ló wà. Bí ọ̀rọ̀ aboyún bá le ní Idigny lóru ńkọ́? Bàálé rẹ̀ á máa wá ẹni tó máa yá a lówó, àkùkọ á kọ, wọn ò tíì kúrò nílé. Kì í ṣe dókítà ló pẹ́ níbẹ̀ yẹn.

Ní 1987, ní Bamako, àwọn mínísítà ìlera ilẹ̀ Áfíríkà fẹnu kò pé kí ará ìlú máa bá wọn bójú tó owó oògùn. Benin wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é. Ibẹ̀ ni ìgbìmọ̀ ará ìlú tó wà nílé ìwòsàn ti wá. Ẹ̀yin olóyè, ẹ máa bi wọ́n: èló ló wọlé, èló lẹ fi ra oògùn míì? Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan owó oògùn o! Àpò ọ̀tọ̀ la ń bẹ̀bẹ̀ fún, kí ẹgbẹ́ àti ọjà máa dá owó ọkọ̀ aboyún sí i. Kí agbẹ̀bí sì máa pe Pọbẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra, kí wọ́n lè ti múra sílẹ̀.

Ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, a ó gbé àpótí náà jáde.