Ìgbà Tí Iṣẹ́ Ìjọba Bá Parí



Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, òṣìṣẹ́ ìjọba yóò fẹ̀yìntì nígbà tí ó bá pé ẹni 60 ọdún, tàbí tí ó bá ti sìn fún 35 ọdún, èyí tí ó bá kọ́kọ́ dé. Ní ti àwọn olùkọ́, òfin àpapọ̀ ọdún 2022 sọ ọ́ di 65 ọdún, tàbí 40 ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ń ro owó tí wọn yóò gbà lọ́jọ́ náà. Wọn kì í ro ohun tí wọn yóò máa fi ìrọ̀lẹ́ wọn ṣe.

Bí owó bá dé, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, kí ẹgbẹ́ lè mọ̀ pé a kò ti ìlú ńlá bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Yàrá mẹ́jọ fún arúgbó méjì! Owó a tán kí òrùlé tó délé, a óò sì máa bá bíríkìlà jà nígbà tí ó yẹ kí a jókòó. Èmi kò bú ẹni tí ó kọ́lé o. Ṣùgbọ́n yàrá méjì tí kò ní gbèsè lọ́rùn ni ìtẹ́lọ́rùn ń bá ni gbé.

Ẹ wo ọpọ́n ayò. Ihò 12 ni, mẹ́fà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ayò mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Bí kò bá sí ọpọ́n, ẹ gbẹ́ ihò sílẹ̀. Ọmọ kékeré tí ó ń bá bàbá àgbà rẹ̀ ta á ń kọ́ ìṣirò àti sùúrù. Bàbá náà pẹ̀lú ń mọ ọmọ, nítorí ẹni tí ó fi 35 ọdún jáde nílé ní kùtùkùtù, tí ó ń wọlé nígbà tí àwọn ọmọ ti sùn, àjèjì ni láàrin àwọn tirẹ̀. Àwọn ìyá wa kò nílò kí a kọ́ wọn ní èyí. Ẹní ni wọ́n ń tẹ́, tí wọ́n ń pa àlọ́ ìjàpá fún àwọn ọmọ.

Nítorí náà, ẹ pe àwọn ọmọ-ọmọ jókòó lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Bí ó bá sì di ọjọ́ kan tí òpè kékeré náà pa ọ̀ta ayò, tí ó sáré lọ kéde rẹ̀ ká agboolé, ẹ jẹ́ kí ó kéde rẹ̀.