Ohun tí ara mi kọ̀, àti bí mo ṣe ń fọn: ọ̀rọ̀ admin ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú

Fóìsì mẹ́ta ni. Àbúrò wa kan ló bá wa kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí dátà wọn ò gbé e.

Èmi admin yín ni o, ìyá aláṣọ ọmọdé. Mo ti ṣèlérí pé màá dá yín lóhùn lórí oúnjẹ ọjọ́ méje tí ẹ ń gbé kiri nínú group yìí, èyí tí wọ́n ní ó ń mú ikùn lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti pa á rẹ́. Àwọn kan bínú sí mi. Ẹ̀gbọ́n wa kan tiẹ̀ ní mi ò fẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rẹwà. Ẹ jẹ́ n sọ ìdí rẹ̀.

Ohun tó wà níbẹ̀ ni ẹyin láàárọ̀, ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan lọ́sàn-án, ẹ̀fọ́ tó kún fún edé lálẹ́. Bí èmi bá jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, kò ní pé ọjọ́ méje tí ẹ ó fi máa dáwó ìsìnkú mi. Mi ò ṣàwàdà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ ní New Benin rántí ọdún 2022, ọjọ́ tí mo ṣubú ní iwájú ṣọ́ọ̀bù. Láti kékeré ni ẹnu ti máa ń yún mi bí mo bá jẹ ẹ̀pà. Ìyá mi kàn máa ń sọ pé ẹ̀pà ò bá mi lára mu, a ò pè é ní àìsàn. Lọ́jọ́ yẹn ebi ń pa mí, mo ra ẹ̀bà lọ́wọ́ ìyá Ẹ̀dó kan, mo nàka sí ọbẹ̀ kan, mo ní kó bù ú fún mi. Omisagwe ni. Ọbẹ̀ ẹ̀pà ni, ṣùgbọ́n èmi àtọ̀húnrìnwá ò mọ̀, mo rò pé ẹ̀gúsí tí wọ́n lọ̀ kúnná ni. Mi ò tíì jẹ ẹ́ dé ìdajì tí ètè mi fi wú, ara mi yọ kanlẹ̀, ọ̀fun mi ń dí, èémí mi ń súfèé.

Kí làwa Yorùbá ṣe? Wọ́n ní wọ́n ti fún mi jẹ. Ẹnìkan sáré lọ gbé epo pupa wá kí n mu. Àwọn ọmọkùnrin wa yí ìyá olóúnjẹ náà ká, wọ́n fẹ́ da ìkòkò rẹ̀ nù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ mọ ara yín. Obìnrin oníkẹ́míìsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló gbé mi sínú kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn, abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n fún mi ní itan ló ṣí ọ̀fun mi. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta mo lọ kúnlẹ̀ fún ìyá yẹn. Kò ṣe mí ní nǹkan kan. Èmi ni mi ò béèrè ohun tó wà nínú ọbẹ̀.

Ibi tí wàhálà wá ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyí. Ẹ̀rù bà mí. Gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni bá ti sọ pé ó máa ń ṣe èèyàn, mo gé e kúrò. Ẹ̀pà, edé, ẹja, ẹyin, ẹ̀wà, sóyà, mílíìkì. Ẹ wò ó, kí ló kù? Ẹ̀bà ló kù. Búrẹ́dì, bisikíìtì àti mínírà tutù. Láti kílò 84 mo dé 97. Ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, orúnkún ń dùn mí, dókítà ní kí n fọn. Mo ní, "Dókítà, kí ni n ó máa jẹ kí n tó fọn? Gbogbo nǹkan lara mi kọ̀." Ó ní, "Ta ló sọ fún yín?" Mi ò rí ẹni tí mo lè dárúkọ.

Wọ́n yẹ̀ mí wò. Wọ́n kán omi oríṣiríṣi sí mi lápá, wọ́n fi abẹ́rẹ́ tín-ń-tín họ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, a dúró fún ìṣẹ́jú 15. Ibi tí ara bá kọ̀, ó wú bí ibi tí ẹ̀fọn jẹ. (Ẹ gbọ́ o, ẹni tó bá ti lo Piriton láàárín ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, kó sọ fún wọn, torí ó máa ń bo èsì mọ́lẹ̀.) Ẹ̀pà wú. Edé wú, akàn náà wú, torí ìdílé kan náà ni wọ́n. Ẹja ò wú. Ẹyin ò wú. Ẹ̀wà ò wú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun àti ẹ̀pà jọ jẹ́ ẹbí. Ti mílíìkì, wọ́n ní kì í ṣe àlẹ́jì rárá. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà wa ni inú wọn kì í lè da ṣúgà inú mílíìkì, inú á kàn máa kùn, èèyàn á yàgbẹ́, kò ní pa á.

Ẹ wo ọdún tí mo fi sá fún ẹyin! Ẹyin tí ì bá máa yó mi, tí mi ò ní jẹ ẹ̀bà lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́.

Ohun tí mo ń jẹ báyìí nìyí, ẹ má sì sọ pé admin ní kí gbogbo yín jẹ ẹ́, torí ara tèmi ni wọ́n yẹ̀ wò. Láàárọ̀, ẹ̀kọ kan àti mọ́ínmọ́ín tí mo sè fúnra mi, kò sí edé níbẹ̀, ẹyin ni mo fi sí i. Lọ́sàn-án, ẹ̀wà tàbí ẹja àrọ̀ oníata. Lálẹ́, ẹ̀fọ́ púpọ̀ tàbí ilá, ẹ̀bà tí kò ju ìkúùkù mi lọ. Epo ni mo fojú sí jù. Ṣíbí ńlá kan òróró tàbí epo pupa jẹ́ nǹkan bíi kálórì 120, kò sí èyí tó fúyẹ́ jù nínú wọn. Ṣíbí mẹ́ta ti tó gàrí gbígbẹ gíráàmù 100. Àwa tí epo ń léfòó lórí ọbẹ̀ wa, a ń bá ẹ̀bà jà, epo ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gúsí náà, bí ìdajì rẹ̀ epo ni.

Tíì tí wọ́n ń tà fún yín pé ó ń fa ikùn wọlé, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ewé tó ń ṣu èèyàn. Omi ló ń jáde. Ẹ mumi tán, kílò padà.

Ó wá ku ọjà wa yìí. Ẹ̀rọ ìlọta ni ọ̀tá mi. Mo gbé ẹ̀gúsí mi lọ, ẹni tó ṣáájú mi lọ edé, kí ni mo fẹ́ wí? Kò sí bí a ṣe sè é tó, iná kì í pa àlẹ́jì edé. Mo ti ra ẹ̀rọ kékeré sílé. Ẹja gbígbẹ tí wọ́n kó sínú àwo kan náà pẹ̀lú edé, mi ò rà á. Súyà, kúlíkúlí wà nínú ata rẹ̀. Àkàrà ojú pópó, òróró ẹ̀pà ìbílẹ̀ lè wà níbẹ̀. Màgí míì ní edé, ẹ yí ọ̀rá rẹ̀ wò lẹ́yìn. Lóde ìnáwó, ilé ni mo ti ń jẹun kí n tó jáde, ẹ má pè é ní ìgbéraga. Bí mo bá máa rà níta, pidgin ni mo fi ń béèrè, kó má baà sí àṣìgbọ́: "Groundnut dey inside? Crayfish dey? E fit kill me o." Kò tíì sí ìyá Ẹ̀dó tó bínú sí mi nítorí rẹ̀.

Ẹ fi eléyìí sọ́kàn fún ẹlòmíì: bí ètè tàbí ọ̀fun bá ń wú, tí mímí le, tí ẹni náà ń bì tàbí ojú rẹ̀ ń ṣú, ẹ má fún un ní epo pupa, ó lè há a lọ́fun. Piriton ń dín ara yíyún kù ni, kì í ṣí ọ̀fun. Ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ní abẹ́rẹ́ adrenaline, bíi UBTH ní Ugbowo, tàbí èyí tó bá yá jù. Ẹ má sì lu olóúnjẹ.

Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin rèé, mo ti wà ní 86. Oṣù méjì wà níbẹ̀ tí kílò ò kúrò lójú kan, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó kọ ọ́ síbí, kó má wá sí inbox mi. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà tàbí oyún, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó gé oúnjẹ kankan. Owó àjọ, ọ̀la ni o, kó tó di agogo mẹ́rin.