Ẹni Tó Jọ Ṣiṣẹ́, Kó Jọ Gbowó: Ọ̀rọ̀ fún Àwa Olówùú

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbin òwú ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti Kétu,

Òwú ti ń là. Láìpẹ́ ẹ óò wá àwọn tí yóò bá yín já a. Kí ẹ tó pè wọ́n, ẹ jẹ́ kí á sọ̀rọ̀ lórí owó tí ẹ óò san. Ní oko púpọ̀, bí ọkùnrin àti obìnrin bá jọ já òwú láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, owó ọkùnrin ló máa ń pọ̀ jù. Bí ẹ bá bèèrè ìdí rẹ̀, wọn á ní, "Bí a ti ń ṣe é nìyẹn."

Ẹ wò ó báyìí. Nígbà tí òwú yín bá dé ọjà, ìwọ̀n rẹ̀ àti bí ó ṣe mọ́ sí ni wọ́n ń wò. Kò sí ẹni tí ń bèèrè bóyá ọwọ́ ọkùnrin tàbí ọwọ́ obìnrin ló já a.

Ká ní ẹ ń san 1500 sẹ́fà fún ọkùnrin lóòjọ́, 1000 fún obìnrin. Ọkùnrin já kílò 30, obìnrin já kílò 40. Kílò kan ti ọkùnrin jẹ́ 50 sẹ́fà, ti obìnrin jẹ́ 25. Ẹni tó ṣe jù ló gba kéré jù. Bí oko ẹlòmíràn bá ń san dáadáa, ṣé yóò padà wá bá yín? Òwú tí kò rí ẹni já a, eruku ọyẹ́ á bà á, ewé gbígbẹ á lẹ̀ mọ́ ọn, owó rẹ̀ á sì wálẹ̀ lọ́jọ́ ọjà.

Àwọn kan á ní, "Ọkùnrin ló ń fọ́n oògùn, iṣẹ́ rẹ̀ le jù." Ẹ san owó oògùn fún ẹni tó fọ́n oògùn lọ́jọ́ tó fọ́n ọn. Lọ́jọ́ òwú jíjá, òwú ni gbogbo wọn ń já. Bí iṣẹ́ méjì bá sì yàtọ̀, ẹ wo agbára, ọgbọ́n ọwọ́, àkókò àti ewu tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó dá owó lé e.

Òfin náà sọ bẹ́ẹ̀. Àdéhùn 100 ti Àjọ Iṣẹ́ Àgbáyé, ti ọdún 1951, ní kí iṣẹ́ tí iye wọn dọ́gba gba owó tó dọ́gba. Bẹ̀nẹ̀ fọwọ́ sí i ní 1968, Tógò ní 1983.

Nítorí náà:

1. Ẹ sọ iye owó lójú gbogbo òṣìṣẹ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.
2. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ máa san án lórí kílò. Ẹ wọn òwú lójú ẹni tó já a, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé.
3. Ẹ fi owó lé ẹni tó ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ má fi rán ọkọ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.
4. Bí owó kò bá dọ́gba, ẹ gbé ti obìnrin sókè, ẹ má gé ti ọkùnrin.

Ẹ̀yin alága ẹgbẹ́ olówùú, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ ní ìpàdé yín kí àpò àkọ́kọ́ tó kún. Ẹ̀yin ìyá, ẹ bèèrè iye owó kí ẹ tó wọ oko. Ìbéèrè kì í ṣe àfojúdi. Ọwọ́ ọ̀tún ní ń wẹ òsì, òsì ní ń wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́.

Kí Ọlọ́run jẹ́ ká jèrè ohun tí a gbìn o.