Ta Ni Yóò Gbà Wọ́n Gbọ́?

(Orin ètò wọlé, ó sì rọlẹ̀. Atọ́kùn bẹ̀rẹ̀.)

Ní ọdún 1992, nọ́ọ̀sì kan jókòó sí ilé iṣẹ́ rédíò ní orílẹ̀-èdè Írẹ́lándì, ó dojú kọ Gay Byrne, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tí tàgbà tèwe ilẹ̀ náà mọ ohùn rẹ̀. Christine Buckley lorúkọ obìnrin yìí. Ará Írẹ́lándì ni ìyá rẹ̀. Bàbá rẹ̀, ọmọ Nàìjíríà, ń kọ́ iṣẹ́ dókítà lọ́wọ́ níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i ní 1946. Ọmọ ọwọ́ ni wọ́n ti fà á lé àwọn olùtọ́jú lọ́wọ́, ọ̀dọ̀ àwọn sísítà ìjọ Kátólíìkì ní Goldenbridge, ní Dublin, ló sì ti dàgbà.

Ohun tí ojú rẹ̀ rí níbẹ̀ ló wá sọ.

Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ni ìjọba pe Goldenbridge. Ẹ gbọ́ irú iṣẹ́ ọwọ́ tó jẹ́. Àwọn ọmọdé a máa sin ìlẹ̀kẹ̀ rósárì sórí wáyà, mẹ́wàá-mẹ́wàá, títí ìdì náà yóò fi pé 60 lójúmọ́. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá pé, ẹgba ń dúró dè é. Ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ Seán Ryan darí kọ ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ yìí sínú ìròyìn ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2009. Ẹ̀rí tí èèyàn 1,090 tí wọ́n wà ní irú ilé bẹ́ẹ̀ tàbí ní ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìtọ́jú mìíràn ní kékeré jẹ́ fún ìgbìmọ̀ náà ní kọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kò tíì sọ ọ́ fún ọkọ, ìyàwó tàbí ọmọ wọn rí.

Ṣùgbọ́n ọdún 2009 ṣì jìnnà nígbà tí tẹlifíṣọ̀n gbé ìtàn Buckley jáde nínú fíìmù Dear Daughter ní 1996. Fóònù kò sinmi. Àwọn mìíràn tí wọ́n jẹ irú ìyà kan náà ń pè, wọ́n ń sunkún. Bẹ́ẹ̀ náà làwọn kan jáde pé irọ́ ni, pé àwọn sísítà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ọgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jiná, tí wọ́n tún tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Nígbà tí Alan Carr, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fọ̀rọ̀ wá 247 nínú àwọn tí wọ́n jẹ irú ìyà yìí lẹ́nu wò, wọ́n rí i pé nínú mẹ́wàá, bíi mẹ́jọ ló ti ní àìsàn ọpọlọ kan tàbí òmíràn rí: ìpayà tí kì í lọ, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ọtí àmupara.

Olórí ìjọba Írẹ́lándì nígbà náà, Bertie Ahern, tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ 11 oṣù Karùn-ún, ọdún 1999. Ní 2000, ìjọba dá iṣẹ́ ìgbaninímọ̀ràn ọ̀fẹ́ sílẹ̀. Ní 2002, wọ́n dá ìgbìmọ̀ owó gbà-máà-bínú sílẹ̀: ó lé ní 15,000 èèyàn tó gbowó, nǹkan bíi 62,000 yúrò lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ òfin náà ní àlùmọ̀kọ́rọ́yí nínú. Ẹni tó bá gbowó kò gbọdọ̀ tú ohun tó ṣẹlẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ náà síta. Bó bá tú u, ó di ọ̀daràn. Àwọn tí wọ́n ti pa lẹ́nu mọ́ lọ́mọdé, òfin tún pa wọ́n lẹ́nu mọ́ lágbà! Owó wúlò, ṣùgbọ́n irú owó yìí kò lè wo ọkàn sàn.

Ibi tí ìtùnú gidi ti wá, ibi kékeré kan ni. Ní 1999, Buckley àti Carmel McDonnell-Byrne, tí òun náà dàgbà ní Goldenbridge, ṣí ilé Aislinn ní Dublin. Ẹni tí kò rí ìwé kà ní kékeré ń kọ́ ìwé níbẹ̀, òmíràn ń kọ́ kọ̀ǹpútà, òmíràn kàn fẹ́ mu tíì ni, kó jókòó ti ẹni tí kò ní bi í pé, "Ẹ̀rí rẹ dà?" Buckley ṣe iṣẹ́ yìí títí ó fi kú ní 2014.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, bí ẹnìkan bá wá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún yín, kódà kó ti lé lógójì ọdún tó ti ṣẹlẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bi í pé kí ló dé tí kò ti sọ látọjọ́ yìí. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán.