Ẹni Tí A Ń Pè Wá Parí Iṣẹ́

Eré kan wà tí àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn púpọ̀, bésíbọ́ọ̀lù ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ bá ti rí kíríkẹ́ẹ̀tì rí, ẹ ti rí ìbátan rẹ̀. Ẹnì kan á dúró lórí òkìtì kékeré láàárín pápá, á máa ju bọ́ọ̀lù; ẹnì kejì á dúró níwájú rẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 60 ó lé díẹ̀, á di kùmọ̀ mú, á máa wá ọ̀nà àtilù ú. Bí wọ́n bá ti lé mẹ́ta jáde nínú àwọn alùbọ́ọ̀lù, ó di ti ẹgbẹ́ kejì. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń lù bẹ́ẹ̀.

Apá ènìyàn kì í ṣe irin. Ó sábà máa ń rẹ ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ìjù kí eré tó parí. Nítorí náà àwọn mìíràn wà tí wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá, tí wọ́n ń retí ìpè. Ẹni tí a ń pè kẹ́yìn nínú wọn ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá fi díẹ̀ ṣáájú, tí ó ku díẹ̀ kí ilé túká, ni wọ́n ń ké sí i. Bí ó bá ṣe é re, gbogbo ẹgbẹ́ ló borí. Bí ó bá bà á jẹ́, òun nìkan ló bà á jẹ́. Mo rò pé kò sí iṣẹ́ tí ó burú tó bẹ́ẹ̀ nínú eré kankan.

Mariano Rivera ni ọ̀gá gbogbo àwọn tó ṣe iṣẹ́ yìí. Ọmọ Panama ni, wọ́n bí i ní 1969, abúlé apẹja tí ń jẹ́ Puerto Caimito ni ó sì dàgbà sí. Páálí mílíkì ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń ṣe ìbọ̀wọ́ tí wọ́n fi ń mú bọ́ọ̀lù. Òun náà bá baba rẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ apẹja. Ní 1990 ni ẹgbẹ́ Yankees ti New York gbà á; ní 1997 ó di ẹni ìkẹyìn wọn. Lọ́dún náà gan-an, bí òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ti ń ju bọ́ọ̀lù síra wọn, bọ́ọ̀lù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yà bàrá nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ó dé, láìjẹ́ pé ó rán an níṣẹ́. Wọ́n gbìyànjú láti tún ọwọ́ rẹ̀ ṣe, bọ́ọ̀lù kọ̀. Ìjù yìí, tí wọ́n ń pè ní cutter, ni ó fi jẹun títí ó fi fẹ̀yìn tì. Àwọn alùbọ́ọ̀lù mọ ohun tó ń bọ̀ o! Síbẹ̀, kùmọ̀ ṣáà ń kán mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ẹ wá wo alẹ́ ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá, 2001, ní ìlú Phoenix. Ìdíje àṣekágbá ni, eré keje, èyí tí kò sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Kò tíì pé oṣù méjì tí àwọn apániláyà kọlu New York, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń wo ẹgbẹ́ yìí bí ìtùnú. Yankees ní ayò 2, Arizona ní 1. Wọ́n pe Rivera. Ẹ̀ẹ̀mẹtàlélógún léra wọn ni ó ti gba irú eré ńlá bẹ́ẹ̀ là láìkùnà. Nígbà kẹjọ, ó lé mẹ́ta jáde. Nígbà kẹsàn-án, wọ́n rọra ta bọ́ọ̀lù kan síwájú rẹ̀. Ó gbé e, ó jù ú sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, bọ́ọ̀lù gba ibòmíràn lọ. Láìpẹ́ ayò di ọgbọọgba. Luis Gonzalez wá lu èyí tí ó kẹ́yìn. Kò lù ú dáadáa pàápàá. Bọ́ọ̀lù kàn fò lọ sẹ́yìn Derek Jeter ni, ó balẹ̀ sórí koríko. 3 sí 2. Ó parí.

Nísinsìnyí, ẹ fetí sí èyí. Enrique Wilson, ọmọ Dominican, wà nínú ẹgbẹ́ náà. Bí wọ́n bá borí, ìlú yóò yọ̀ pẹ̀lú wọn, lẹ́yìn ayẹyẹ ni Wilson yóò wọ ọkọ̀ òfuurufú kan lọ sílé. Nígbà tí wọ́n pàdánù, kò sí ayẹyẹ mọ́, ó tètè lọ. Ọkọ̀ tí ì bá wọ̀ já lulẹ̀ ní New York ní ọjọ́ 12 oṣù náà. Gbogbo ènìyàn 260 tó wà nínú rẹ̀ kú. Rivera sọ lẹ́yìn náà pé inú òun dùn pé àwọn pàdánù, nítorí ọ̀rẹ́ òun ṣì wà láàyè.

Ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní 2004 Boston tún já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 2012 orúnkún rẹ̀ já, ó ti lé ní ẹni ogójì ọdún, àwọn kan rò pé ó tán. Ó tún padà. Eré 652 ni ó gbà là, yàtọ̀ sí 42 nínú àwọn ìdíje ìparí ọdún. Ní 2019, gbogbo oníwèé-ìròyìn 425 tí ó dìbò ló fọwọ́ sí i pé kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí Gbọ̀ngàn Olókìkí. Kò tíì sí ẹni tí ó rí bẹ́ẹ̀ gbà ṣáájú rẹ̀.

Ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án, 2013, ni ó jù kẹ́yìn ní New York. Kì í ṣe ọ̀gá ẹgbẹ́ ni ó jáde wá gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀ bí ìṣe wọn, Derek Jeter àti Andy Pettitte ni, àwọn tí wọ́n ti jọ wà láti ìgbà èwe. Ó fi orí lé èjìká Pettitte, ó sunkún fún ìgbà díẹ̀, gbogbo pápá dìde fún un. Lálẹ́ ọjọ́ náà kò tilẹ̀ sí ohun tí yóò gbà là: ayò 4 sí òdo ni wọ́n fi na Yankees.